Ìgbafẹ́ lórí omi: ohun tó yẹ kí ìdílé mọ̀ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, ní Yúróòpù àti ní ilẹ̀ wa níbí

Ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ kì í pẹ́ dé, kì í sì í pẹ́ lọ. Bó bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè kan náà ni àwọn ọmọ máa ń bi òbí wọn ní Ìfọ̀nyìn, ní Igolo, ní Banigbé àti ní Daagbé: níbo la ń lọ? Láyé àtijọ́, ìdáhùn rẹ̀ kì í ju ilé ìyá-ìyá lọ, tàbí kí ọmọ tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Fóònù ti wá yí ọ̀rọ̀ náà padà. Àwọn ọmọ ń rí àwòrán àwọn ẹbí tó wà ní Paris, ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Brussels, tí wọ́n dúró lórí ọkọ̀ ojú omi tó ga bí ilé alájà mẹ́wàá, tí yìnyín sì funfun lórí òkè lẹ́yìn wọn. Wọ́n á ní àwọn náà fẹ́ lọ.

Kò sóhun tó burú nínú kí ọmọ fẹ́ rí ayé. Ohun tó burú ni kí òbí ta ilẹ̀ tàbí kó jẹ gbèsè lórí ohun tí kò yé e, tàbí kó kó ọmọ sínú ọkọ̀ tí kò yẹ kí wọ́n wọ̀. Ìdí nìyí tí a fi kọ ìròyìn yìí. A ó sọ bí ìrìn-àjò ìgbafẹ́ lórí omi ṣe rí ní àríwá Yúróòpù, ìwé tí wọ́n ń béèrè àti owó rẹ̀, ọgbọ́n tí àwọn gbájúẹ̀ ń dá sí i, àti bí ìdílé láti Ìfọ̀nyìn ṣe lè rin omi tiwa láìná owó rẹpẹtẹ. Lẹ́yìn náà la ó wá sọ ti ààbò, nítorí omi kì í mọ ọmọ olówó yàtọ̀ sí ọmọ tálákà.

Ìlú tó léfòó

Croisière ni wọ́n ń pè é ní èdè Faransé. Kì í ṣe ọkọ̀ tó kàn ń gbé èèyàn láti èbúté kan dé òmíràn. Inú ọkọ̀ náà gan-an ni ilé ìtura. Ìdílé á ní yàrá tiwọn, wọ́n á sùn níbẹ̀, wọ́n á jẹun níbẹ̀, àwọn ọmọ á ní ibi ìṣeré àti ibi ìwẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á bá ara wọn ní ìlú mìíràn. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ láti wo ìlú, wọ́n á sì padà sínú ọkọ̀ kí alẹ́ tó lẹ́. Ẹ̀rù tí èèyàn gbé wọ yàrá rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ á wà níbẹ̀ títí ìrìn-àjò á fi parí. Ìyẹn ló jẹ́ kí ó rọrùn fún àwọn tó ní ọmọ kéékèèké àti àwọn àgbàlagbà.

Ní àríwá Yúróòpù, ọ̀nà méjì ló gbajúmọ̀ jù. Ọ̀kan ni ti Òkun Baltic. Àwọn ọkọ̀ a máa yà ní Copenhagen ní Dẹ́nmáàkì, Kiel ní Jámánì, Stockholm ní Sweden, Helsinki ní Finland, àti Tallinn ní Estonia. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń dé Saint Petersburg ní Rọ́ṣíà pẹ̀lú. Láti ìgbà tí ogun Ukraine ti le ní oṣù kejì ọdún 2022 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti yọ ìlú náà kúrò.

Ọ̀nà kejì ni ti Nọ́wè. Níbẹ̀, omi òkun wọ àárín àwọn òkè gíga bí ọ̀nà tóóró, ó sì jìnnà gan-an sínú ilẹ̀. Yìnyín ayé àtijọ́ ló gbẹ́ àwọn àfonífojì náà kí omi tó kún wọn. Méjì nínú wọn, Geirangerfjord àti Nærøyfjord, wà nínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO láti ọdún 2005.

Àwọn ọlọ́jà wa á fẹ́ gbọ́ èyí: ọkọ̀ tó lórúkọ jù lọ ní etíkun Nọ́wè, Hurtigruten, kò bẹ̀rẹ̀ bí ọkọ̀ ìgbafẹ́. Ní ọdún 1893 ni ó bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà, ọjà àti èrò ni ó sì ń gbé fún àwọn ìlú tí òkè kò jẹ́ kí wọ́n ní ọ̀nà tó dára. Títí di òní, láti Bergen dé Kirkenes, èbúté 34 ni wọ́n ń yà. Ẹni tó ń gbé níbẹ̀ lè wọ̀ ọ́ láti ìlú kan dé èkejì, bí a ṣe ń wọ takisí láti Igolo dé Àjàṣẹ́, nígbà tí àlejò tó wá gbafẹ́ ń wo òkè láti fèrèsé kan náà.

Oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án ni àsìkò wọn, torí òtútù. Ní Tromsø, lókè pátápátá ní Nọ́wè, oòrùn kì í wọ̀ rárá láti ìparí oṣù karùn-ún títí di nǹkan bí ìparí oṣù keje. Aago méjìlá òru á lù, ojú ọjọ́ á ṣì mọ́lẹ̀ kedere. Àwọn Mùsùlùmí tó ń gbé ibẹ̀ kò lè fi oòrùn mọ ìgbà tí Mọ̀gáríbì tó. Aago ìlú mìíràn ni wọ́n ń tẹ̀lé.

Ìwé àti owó rẹ̀

Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Bẹ̀nẹ̀ kò lè kàn ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kó sì gbéra. Gbogbo àwọn orílẹ̀-èdè tí a dárúkọ ní òkè, àyàfi Rọ́ṣíà, wà nínú ẹgbẹ́ Schengen, tó ní orílẹ̀-èdè 29. Físà kan ló kárí gbogbo wọn, ọjọ́ 90 péré ni ó sì gbà láàárín ọjọ́ 180.

Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 2024, owó ìwé ìbéèrè físà náà jẹ́ yúrò 90 fún àgbàlagbà, ìyẹn nǹkan bí 59,000 fráǹkì CFA. Ọmọ tó ti pé ọdún mẹ́fà ṣùgbọ́n tí kò tíì pé méjìlá á san yúrò 45. Ọmọ tí kò tó ọdún mẹ́fà kì í san. Bàbá, ìyá àti ọmọ méjì tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ mẹ́jọ àti mọ́kànlá á san yúrò 270, ìyẹn nǹkan bí 177,000 fráǹkì. Ọmọ tó bá ti pé méjìlá á san iye àgbàlagbà. Bí wọ́n bá kọ̀ láti fún yín ní físà, owó yìí kì í padà.

Wọ́n tún ń béèrè ìwé adójútòfò tó lè san ó kéré tán yúrò 30,000 bí àìsàn bá ṣẹlẹ̀, ìwé tó fi hàn pé owó wà lọ́wọ́, ibi tí ẹ ó wọ̀ sí, àti ohun tó máa fà yín padà wálé: iṣẹ́, ìsọ̀, ilẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. Bí òbí kan ṣoṣo ló ń mú ọmọ lọ, ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ òbí kejì gbọ́dọ̀ wà. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò ni ẹ ti lè béèrè. Ẹ má jẹ́ kó ku díẹ̀ sí ọjọ́ 15.

Ohun kan wà tó ti gbá ọ̀pọ̀ èèyàn mú. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ míì máa ń gbéra láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Southampton. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sí nínú Schengen, físà tirẹ̀ dá dúró. Bí ọkọ̀ bá jáde kúrò nínú àwọn orílẹ̀-èdè Schengen tó sì tún padà wọ̀ ọ́, físà tí a lè lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò tó mọ́. Ẹ ka orúkọ gbogbo èbúté tí ọkọ̀ máa yà kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Nínú ọkọ̀ náà, owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan kọ́ ni ìnáwó. Ọtí àti ohun mímu míì, íntánẹ́ẹ̀tì, ìrìn àyíká ní ìlú tí wọ́n bá yà, gbogbo wọn lè ní iye tiwọn. Ẹ̀bi kò sí lọ́rùn ẹni tó bá wo ìṣirò yìí tó ní ó di ọjọ́ míì. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn gbájúẹ̀

Ibi tí owó ńlá bá wà, olè kì í jìnnà. Àwọn kan máa ń lọ káàkiri pé àwọn ń wá àwọn ọ̀dọ́ tó máa ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ ní Yúróòpù: alásè, agbáwo, ẹni tó ń tún yàrá ṣe. Wọ́n á ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù, lẹ́yìn náà owó físà, lẹ́yìn náà owó ẹ̀kọ́. Owó á lọ, ẹni náà á lọ, fóònù rẹ̀ kò ní lọ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé gbogbo ilé. Òfin àgbáyé lórí iṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2006, sọ pé ẹni tó ń wá iṣẹ́ ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ san owó kankan fún ẹni tó bá a wá iṣẹ́ náà. Ohun tí òṣìṣẹ́ lè san fúnra rẹ̀ ni ìwé àyẹ̀wò ìlera, ìwé ìdánimọ̀ òṣìṣẹ́ ojú omi, àti ìwé ìrìnnà tirẹ̀. Físà iṣẹ́ wà lọ́rùn ẹni tó ni ọkọ̀. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní kí ẹ san owó kí òun tó fún yín níṣẹ́ lórí ọkọ̀, ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́. Èkejì ni ẹni tó bá ní kí ẹ fi ọkọ̀ ìgbafẹ́ ṣe àwáwí, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté kí ẹ má sì padà. Ọkọ̀ máa ń ka èrò rẹ̀ ní gbogbo èbúté. Kí ọkọ̀ tó kúrò níbẹ̀, wọ́n á ti mọ ẹni tó kù.

Omi tiwa

Nígbà míì, àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ láti ilẹ̀ òkèèrè máa ń gúnlẹ̀ sí èbúté Kútọnu. Àwọn èrò inú wọn á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á wọ mọ́tò lọ sí Calavi, wọ́n á sì wọ ọkọ̀ kékeré lọ wo Ganvié. Wọ́n gba òkun kọjá láti wá wo ohun tí àwa lè rí kí oòrùn tó wọ̀ ká sì padà sùn sílé. Ọmọ mélòó ní Ìfọ̀nyìn ló ti rí i?

Ìlú wa kò sí létí omi ńlá, ṣùgbọ́n omi ló ran ọjà wa lọ́wọ́ láyé àtijọ́. Epo pupa àti èkùrọ́ láti oko ọ̀pẹ ilẹ̀ yìí máa ń lọ sí Àjàṣẹ́. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n á gbé e gba orí ọ̀sà kọjá Àgbádárìgì títí dé Èkó. Ọ̀nà omi yẹn ni àwọn òyìnbó ń jà sí. Ní ọdún 1861, ọdún tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, ọkọ̀ ogun wọn yìnbọn sí Àjàṣẹ́ láti orí ọ̀sà. Lẹ́yìn ọdún méjì, ní 1863, ọba Àjàṣẹ́ bọ́ sábẹ́ ààbò Faransé. Ààlà tí a ń kọjá lójoojúmọ́ ní Igolo àti Ìdí-Ìrókò wá láti inú ìjà orí ọjà àti omi yẹn.

Ọ̀sà Àjàṣẹ́ so mọ́ adágún Nokoué, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 150 kìlómítà níbùú lóròó. Odò Ouémé, tó gùn tó nǹkan bí 510 kìlómítà, ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wá bọ́ síbẹ̀. Ní ọdún 1885, àwọn Faransé gbẹ́ ojú ọ̀nà omi ní Kútọnu tó so adágún náà mọ́ òkun. Láti ìgbà náà ni omi iyọ̀ ti ń wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi odò á sì tún lé e jáde nígbà àkúnya. Ẹja tí a ń rà lọ́jà ń tẹ̀lé ìyípadà yìí, iye rẹ̀ náà sì ń tẹ̀ lé e.

Ìrìn ọjọ́ kan tàbí méjì

Láti Ìfọ̀nyìn dé Àjàṣẹ́, kò ju nǹkan bí wákàtí kan lọ bí ọ̀nà bá dára. Ìdílé tí kò fẹ́ jìnnà lè fi ìrìn wọn mọ níbẹ̀. Wọ́n lè wo mọ́sálásí ńlá tí àwọn Àgùdà tó ti ilẹ̀ Brazil padà kọ́, tí ojú rẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n lè dé ibùdó Songhaï tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1985, kí àwọn ọmọ rí bí wọ́n ṣe ń sin ẹja, bí wọ́n ṣe ń sọ ìgbẹ́ ẹran àti koríko di afẹ́fẹ́ ìdáná. Láti etí ọ̀sà, ọkọ̀ ń lọ sí Aguégués, níbi tí ilé wà lórí òpó igi, tí ọkọ̀ sì dà bí ẹsẹ̀ fún àgbà àti èwe.

Ẹni tó bá fẹ́ dé Ganvié á gba Kútọnu lọ sí èbúté Abomey-Calavi. Ìlú Ganvié wà ní kọ́múùnù Sô-Ava, láàárín adágún Nokoué. Àwọn Tofinu ló tẹ̀ ẹ́ dó. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dahomey ń kó èèyàn lẹ́rú, wọ́n sá wọ inú omi, torí àwọn tó ń lé wọn kì í jà lórí omi. Wọ́n máa ń túmọ̀ orúkọ ìlú náà sí àwùjọ àwọn tó yè. Ohun tí wọ́n kọ́ láti fi bọ́ lọ́wọ́ ikú ni ó di ìlú fún àwọn ọmọ wọn. Láti ọdún 1996 ni ìjọba ti fi orúkọ Ganvié ránṣẹ́ sí UNESCO kí wọ́n lè gbé e yẹ̀ wò.

Ìyá tó ń ta ọjà ní Ìfọ̀nyìn á rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Orí omi ni ọjà wọn wà. Olúkúlùkù wà nínú ọkọ̀ tirẹ̀, ata, tòmátì, búrẹ́dì àti epo wà níwájú, wọ́n á sì na ọjà síra wọn láti ọkọ̀ dé ọkọ̀. Àwọn ọkùnrin ń fi ẹ̀ka igi gún ìsàlẹ̀ adágún bí ọgbà. Acadja ni wọ́n ń pè é. Ẹja á wá sá pa mọ́ sínú rẹ̀, wọ́n á bí, wọ́n á pọ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́.

Ẹ bọ̀wọ̀ fún wọn. Ilé àwọn èèyàn ni, kì í ṣe ibi ìṣeré. Ẹ má kàn máa ya fọ́tò ìyá tó ń wẹ ọmọ rẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó yà á, kí ẹ sì ra nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ẹ dúnàádúrà owó ọkọ̀, àlọ àti àbọ̀, kí ẹ tó jókòó.

Ohun kan so Ganvié mọ́ àríwá Yúróòpù tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Àwọn ará Dẹ́nmáàkì náà ra ẹrú ní etíkun ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Odi tí wọ́n kọ́ sí Keta ní ọdún 1784, tó wà ní Gánà lónìí, kò jìnnà sí ààlà Togo. Ọkọ̀ wọn kan, Fredensborg, ti gbé ẹrú láti Gánà lọ sí erékùṣù St. Croix. Nígbà tó ń padà sí Copenhagen, ìjì fọ́ ọ ní etíkun Nọ́wè, lẹ́bàá ìlú Arendal, ní oṣù kejìlá ọdún 1768. Àwọn òmùwẹ̀ rí àwókù rẹ̀ ní ọdún 1974, wọ́n sì rí eyín erin àti igi tí wọ́n kó láti ilẹ̀ òkèèrè nínú rẹ̀. Etíkun tí àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ ń gbà kọjá lónìí ni ọkọ̀ ẹrú náà rì sí. Bí ẹbí yín kan bá rìn débẹ̀, ẹ sọ fún un kó béèrè.

Ìgbà wo ló dára? Ní Yúróòpù, àkókò ìsinmi gígùn ni omi ń dára jù. Níbí, ó yàtọ̀. Ìsinmi gígùn wa bọ́ sí oṣù keje títí di oṣù kẹsàn-án, ìparí rẹ̀ sì ni àkúnya omi láti òkè ń dé. Ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, Ouémé lè kún bo ilé, koríko orí omi tí Faransé ń pè ní jacinthe d'eau á sì máa wé mọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀. Ìsinmi Kérésìmesì ló sàn jù fún ìdílé, àfi pé kùrukùru ọyẹ́ lè bo ojú omi ní àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí oòrùn là á kí ẹ tó gbéra.

Ọkọ̀ méjì tí kò yẹ ká gbàgbé

Ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 1994, ọkọ̀ Estonia gbéra láti Tallinn sí Stockholm pẹ̀lú èèyàn 989. Ìjì ń jà. Ìlẹ̀kùn ńlá tó wà níwájú ọkọ̀ já, omi rọ́ wọlé, ọkọ̀ sì rì. Èèyàn 852 ló kú, 137 ló yè.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, ọkọ̀ Le Joola gbéra láti Ziguinchor ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl, ó ń lọ sí Dakar. Èèyàn bí 580 ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà súnmọ́ 2,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń padà sílé-ẹ̀kọ́, àti àwọn obìnrin ọlọ́jà tó gbé epo pupa àti máńgòrò lọ tà. Ní òru, ìjì dé ní òkun Gambia, ọkọ̀ sì dojú dé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ó kéré tán, èèyàn 1,863 ló kú. Èèyàn 64 péré ló yè. Ní iye ẹ̀mí, ó ju Titanic lọ.

Ẹ wo ohun tó jọra àti ohun tó yàtọ̀. Kò sí ẹni tó lè ní omi Yúróòpù kì í pa èèyàn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Estonia, wọ́n yí òfin padà. Ní 1996, àwọn orílẹ̀-èdè àríwá Yúróòpù fẹnu kò pé ọkọ̀ irú èyí gbọ́dọ̀ lè dúró bí omi bá tilẹ̀ wọ ibi tí mọ́tò wà. Ní 1998, wọ́n sọ ọ́ di dandan kí ọkọ̀ ka èrò rẹ̀ kó tó gbéra, kí wọ́n sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀ bí ìrìn náà bá gùn. Lẹ́yìn tí Costa Concordia dojú dé ní Italy ní 2012, òfin àgbáyé sọ pé ọkọ̀ ìgbafẹ́ gbọ́dọ̀ kó gbogbo èrò jọ, kó fi ibi ìsálà àti bí wọ́n ṣe ń wọ aṣọ ìléfòó hàn wọ́n, kó tó gbéra tàbí kété tó bá gbéra. Ó kan ọmọdé, ó kan àgbà.

Le Joola ti kún ju bó ṣe yẹ lọ kó tó kúrò ní èbúté, àwọn tó wà níbẹ̀ sì rí i. Ìjì nìkan kọ́ ló pa wọ́n. Àpọ̀jù èrò wà níbẹ̀, àìkanisí náà wà níbẹ̀. Irú àìkanisí yẹn wà lórí ọ̀sà wa pẹ̀lú, nígbà tí atukọ̀ bá ní ààyè ṣì kù fún ẹni méjì sí i, tí a sì sún mọ́ra. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 300,000 èèyàn ni omi gbé lọ ní ọdún 2021, nǹkan bí ìdá mẹ́rin wọn sì jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún.

Kí ẹsẹ̀ tó kan ọkọ̀

Ohun tí a lè ṣe kò nílò físà. Ẹ ka aṣọ ìléfòó, èyí tí wọ́n ń pè ní gilet ní Kútọnu, kí ẹ tó jókòó. Bí ó bá dín ní ọ̀kan sí iye yín, ẹ wá ọkọ̀ mìíràn. Ti ọmọ yàtọ̀ sí ti àgbà. Èyí tó tóbi jù á yọ gba orí ọmọ jáde nínú omi. Ẹ so okùn rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá fi jókòó bí tìmùtìmù kò wọ aṣọ ìléfòó.

Ẹ̀yin ìyá tó pọn ọmọ, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín jù. Lórí omi, ẹ tú òjá, kí ẹ gbé ọmọ síwájú. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, aṣọ ìléfòó á da ìyá sẹ́yìn kí imú rẹ̀ lè wà lókè, ọmọ tó wà lẹ́yìn á sì wà lábẹ́ omi. Ẹ yẹra fún aṣọ tó wúwo àti ìró méjì. Aṣọ tó bá mu omi ń fa èèyàn lọ sísàlẹ̀.

Ẹ má wọ ọkọ̀ tí omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí rẹ̀, bí ẹrù ọjà tilẹ̀ ni ó mú un wúwo. Ẹ má dìde láti ya fọ́tò, ẹ má sì jẹ́ kí gbogbo yín rọ́ lọ sí apá kan nígbà tí ẹ bá rí nǹkan. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń lọ, orúkọ èbúté àti àkókò tí ẹ rò pé ẹ ó dé, kí ẹ fi sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan nílé. Ẹ di fóònù sínú ọ̀rá. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, ẹ sún un síwájú. Owó tí ẹ ti san kò tó ẹ̀mí ọmọ kan. Bí atukọ̀ bá bínú pé ẹ ń béèrè jù, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì lọ bá ẹlòmíràn.

Fún owó ìrìn náà, ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló sàn jù. Ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè dá èésú láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ilé-ẹ̀kọ́, díẹ̀díẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, kí wọ́n jọ gba mọ́tò kan àti ọkọ̀ kan nígbà ìsinmi Kérésìmesì. Ẹgbẹ́ òbí nílé-ẹ̀kọ́ náà lè ṣe é. Ẹ wá ẹni tó mọ ìtàn Ganvié dáadáa, kí àwọn ọmọ mọ ìdí tí ìlú fi wà lórí omi, kì í ṣe pé wọ́n kàn rí i.

Bí ó bá sì di ọjọ́ kan tí ọwọ́ ìdílé kan tó Nọ́wè tàbí Stockholm, a ó bá wọn yọ̀. Wọ́n á ti mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó nínú ọkọ̀, wọ́n á sì ní ìtàn omi tiwọn láti sọ fún ẹni tó bá bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti wá.